Ohun Tí Rédíò Orí Fíríìjì Sọ fún Màmá

Òórùn àkàrà ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nílé wa ní Springdale, lókè òkun. Màmá mi á ti dé láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ òru, á dúró ti epo gbígbóná tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, á sì ti tan rédíò orí fíríìjì. Wákàtí kan péré ni wọ́n fi ń sọ Yorùbá ní iléeṣẹ́ rédíò kékeré yẹn. Bọ̀dá Múfù, awakọ̀ takisí tí a jọ ń kírun ní mọ́sáláṣí, ló ń ṣe é. Ó ń kí ẹni tó bímọ, ó ń kéde ẹni tó kú. Béèyàn bá ti wakọ̀ kọjá Cheverly tó wà nítòsí wa, ariwo lásán ló kù lórí rédíò.

Nígbà tí Màmá wà lọ́mọdé n'Íbàdàn, àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì kan wà lára ògiri yàrá ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kéde òkú, ìyá náà á ní kí gbogbo ilé dákẹ́, kí wọ́n lè ṣàdúrà fún ẹni tó lọ. Ohun tí Màmá náà ń ṣe nìyẹn: á paná sítóòfù, á ní ká panu mọ́.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ó ra ṣúẹ́tà fún ìyá rẹ̀, torí ẹnìkan ń lọ sílé n'Íbàdàn. Bàbá mi ló bá a gbé e láti ṣọ́ọ̀bù. Bàbá jókòó, ó ń wo Màmá bó ṣe ń ká a, tó ń tún un ká. Bí Màmá bá tẹ ilé láago, wọ́n á ní Ìyá ń sùn.

"Oorun wo lèyí ná?" ló bi Bàbá.

Bàbá ní, "Ara àgbà ni."

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, Màmá paná, gbogbo wa dákẹ́. Bọ̀dá Múfù dárúkọ ìyá Màmá, "ìyá ìyàwó Alhaji wa ní Springdale", ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ó rò pé wọ́n ti túfọ̀ fún Màmá.

"Ta ló kú?" Màmá bi rédíò. Bọ̀dá Múfù ti bọ́ sórí ẹni tó ń ta ẹran ewúrẹ́. Màmá yíjú sí Bàbá. "Bàbá Rìsì, ẹ mọ̀?"

"Tomorrow la fẹ́ sọ fún ẹ. Àwọn àgbà mọ́sáláṣí ló ní àwọn á wá, ká rọra ṣe é. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì bá mi gbé ṣúẹ́tà!"

Àkàrà wà nínú epo, kò jinná. Wọ́n ti sin Ìyá lọ́jọ́ tó kú gan-an, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Gbogbo mọ́sáláṣí ló mọ̀, àfi ọmọ rẹ̀. Mo kórìíra Bàbá láàárọ̀ yẹn. Mo búra pé ẹnikẹ́ni ò ní fi òkú pa mọ́ fún mi láyé.

Màmá ò tan rédíò yẹn mọ́. Òwe tó fi ń bá àwa ọmọ wí tẹ́lẹ̀, pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a, Bàbá ló wá ń pa á fún, kódà lórí iyọ̀ ọbẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ibi iṣẹ́ ni mo wà ní Suitland lọ́jọ́ tí Bàbá mi náà kú. Màmá pè mí. Kò kí mi. Ó ní, "Rìsì, bàbá ẹ ti kú," ó sì dákẹ́ bí ẹni tó ṣe mí lóore.

Ọmọ tó búra ní kíṣìnì ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi àgbà bínú sí i, inú yẹn ò sì tíì rọ̀. Ó wù mí kí ẹnìkan ti parọ́ fún mi, kó ní Bàbá ń sùn, kí n lè ra ṣúẹ́tà kan fún un, kí n ká a, kí n tún un ká.