Ìjókòó Ìyá Mi Nígbà Ọyẹ́

Nílẹ̀ wa, kò sí ipò tí a lè bá èèyàn tí a kò ní bí a ṣe ń kí i. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó kàn jókòó, ẹ kú ìjókòó. Bí ọyẹ́ bá dé tí ètè gbogbo ará Adó sì là, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. N kò rí aburú kankan nínú wọn rí, àfi ọdún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá mi.

Àgbẹ̀ ìrẹsì ni ìyá mi, ní Igbemo. Ojú òsì rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́, ọ̀tún nìkan ló kù, awọ funfun sì ti bo òun náà. Nínú oṣù Kejìlá ni wọ́n ká awọ náà kúrò, mo sì mú un wá sílé mi ní àdúgbò Adébáyọ̀, ní Adó. Dókítà kìlọ̀ pé fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé ẹrù, eruku kò sì gbọdọ̀ kan ojú náà, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi ìbòjú ike tí kò jẹ́ kó ríran dáadáa bò ó. Bí èyí bá bàjẹ́, kò sí òmíràn. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

"Kí ni kí n wá máa ṣe?" ni ìyá mi bi mí.

"Ẹ máa jókòó, Màmá."

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ ra tòmátì ní Ọjà Ọba. Nígbà tí mo máa fi dé, ìyá mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìbòjú ike lójú, atẹ lọ́wọ́, ó ń fẹ́ ìrẹsì tó gbé wá láti ilé. Ìyàngbò ń fò lọ sára aṣọ tí gbogbo àdúgbò sá. Obìnrin télọ̀ tó wà ní òdìkejì wa sì ń pariwo pé, "Ẹ kú uṣẹ́ o, Màmá!" Ẹ̀rín kún ẹnu ìyá mi. Mo lọgun débi pé tòmátì bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Télọ̀ yẹn ló fà á," ni ó wí. "Ní kùtù, ó kí mi kú ujókòó. Èmi! Bí ẹni tí kò lóko!"

Mo gbé atẹ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ kẹta, bó ṣe gbọ́ ìró géètì, ìgbálẹ̀ ló ki mọ́lẹ̀. Mo gba ìgbálẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi ló tẹ́ sórí ẹsẹ̀, ó dojú wọn délẹ̀, ó sì mú bírò pupa dání. Kò mọ̀wé kà rí láyé. "Ẹ kú uṣẹ́ o!" ni ẹni tó wọlé wí, ìyá mi sì dáhùn bí ọ̀gá ilé ìwé. Inú ń bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí.

Àbúrò mi pè wá láti Kánádà lọ́jọ́ náà. Ó ní yìnyín ti bo ilẹ̀, kò sẹ́ni tó lè roko fún oṣù mẹ́rin.

"Kí ni wọ́n wá ń kí ara wọn?" ni ìyá mi béèrè.

"Háì ni, Màmá."

"Háì ti kí ni?"

"Háì lásán."

"Oṣù mẹ́rin! Háì lásán!" Àánú wọn ṣe é débi pé kò lè jẹun tán.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti dé sí mi. Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n máa kí ìyá mi kú iṣẹ́ bí ó tilẹ̀ ń sùn. Gbogbo wọn gbà, àfi bàbá katikísì, tó ní òun kò lè purọ́ nígbà tí Kérésì kù sí dẹ̀dẹ̀. Àmọ́ ó wá. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó ronú pẹ́, ó ní, "Màmá, ẹ kú uṣẹ́ ujókòó o!"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbòjú rẹ̀ mú. Láti ọjọ́ náà ni ó ti sọ ìjókòó di iṣẹ́ lóòótọ́. Á jókòó ní agogo méje, á dìde jẹun lọ́sàn-án, á sì tún yára padà. Ó ní iṣẹ́ náà le ju oko ìrẹsì lọ.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, a padà sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sì yọ ìbòjú náà. Ìyá mi wo ògiri, ó wo fèrèsé, ó wo nọ́ọ̀sì. Ó wá yíjú sí mi, ó sì tẹjú mọ́ mi fún ìgbà pípẹ́.

"Ìgbà wo lo hu ewú?"

"Ó ti pẹ́, Màmá."

"Ọmọge ni mo ṣì ń rò pé mò ń bá sọ̀rọ̀." Ó fi ìka kan abẹ́ ojú mi, níbi tó ti wú. "Ó ti rẹ̀ ọ́, ọmọ mi. O ò sì sọ fún mi. Wá jókòó."

Mo jókòó tì í, mo sì ń sunkún bí ọmọdé títí wọ́n fi pe ẹlòmíràn wọlé.