Okùn Tó Yí Júpítà Ká

Níbo ni ọmọ tí kò rí omi ìrìbọmi ń gbé? Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ní Kùtọnu, n kò tíì mọ̀ ọ́n.

Placide Adéògún, káfíńtà etí ọ̀sà, ló mú kí n máa bi ara mi léèrè. Pósí ló ń kàn jù. Bó bá ti fi okùn wọn òkú, tó sì ta kókó sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ tán, inú pósí lokùn náà ń bá òkú lọ. Bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe é nìyẹn. Lọ́dún 1934, Léonie ìyàwó rẹ̀ bí obìnrin. Lọ́jọ́ kẹta, ara ọmọ náà ń tutù. Fàdá kò sí nílé, wọ́n bá ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá da omi lé e lórí. Mo ní kí n parí Rósárì ná. Nígbà tí mo fi dé, bàbá rẹ̀ ti ń fi okùn wọ̀n ọ́n.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Fàdá ní kí Placide fi igi gbẹ́ àwọn ayé tó ń yí oòrùn ká fún ilé ẹ̀kọ́ wa, ó sì kọ ìwọ̀n wọn sínú ìwé fún un. Mo lọ wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọyẹ́ bo ọ̀sà. Ayé tiwa kò ju ẹyọ àgbàdo kan lọ. Mẹ́kúrì dà bí ẹyọ ọkà bàbà.

Ó na igi wínníwínní kan sí mi. "Olùkọ́, òṣùpá Júpítà kan rèé. Ó ju odidi Mẹ́kúrì lọ. Ṣé Fàdá yín ò ti mu ọtí yó kó tó kọ ọ́?"

"Ó rí bẹ́ẹ̀. Ìránṣẹ́ mìíràn a máa sanra ju ọba lọ."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá gbé Júpítà jáde, aṣọ ni ó fi wé e. Ó fa okùn kan yọ lápò, kókó wà létí rẹ̀ méjèèjì, ó sì fi yí igi náà ká. Kókó kan kókó. Kò lé, kò dín.

"Okùn ọmọ yẹn ni. Mi ò lè fi í sínú pósí. Ìwọ̀n inú ìwé ni mo tẹ̀ lé, mi ò fi okùn yìí kan igi náà rí, àfìgbà tí mo gbẹ́ ẹ tán."

Mo fọwọ́ kan igi náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ oòrùn kò dé ìsọ̀ náà. Mo sọ lọ́kàn mi pé igi ni igi ń jẹ́. Mo tún un sọ.

Placide bu omi sínú igbá, ó gbé e sẹ́sẹ̀ mi. Ó gbé igi náà lé mi lápá, ó fọwọ́ ti apá kan rẹ̀ bí ẹni ti orí ọmọ.

"Denise ni Léonie fẹ́ sọ ọ́. Ẹnì kankan ò tíì pè é bẹ́ẹ̀. Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi da omi lé e lórí. Rósárì á dúró dè yín."