Àpá Ẹ̀yìn Elépíìnì

Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe oògùn kòkòrò ní Sango ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ti lé lọ́dún méjìdínlógún. Yàrá kan wà lẹ́yìn ibi ìkẹ́rùsí tí àwọn àgbẹ̀ máa ń kó kòkòrò oko wọn wá. Èmi ni mo máa ń wò wọ́n lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, tí mo máa ń sọ ìdílé tí wọ́n ti wá, kí ọ̀gá tó fọwọ́ sí i. Girama ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n ojú mi kò fọ́.

Elépíìnì ni mo mọ̀ jù nínú wọn. Kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀mùnú kajú ló máa ń fa omi rẹ̀ mu. Ibi tó bá fẹnu gún á dúdú, ẹ̀ka á sì rọ. Ọ̀kan lè pupa, kí òmíràn dúdú, akọ sì lè má jọ abo, nítorí náà ẹ má kọ́kọ́ wo àwọ̀. Ìwo orí rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ. Ọ̀pá kékeré kan sì dúró ṣánṣán láàárín ẹ̀yìn rẹ̀, orí ọ̀pá náà roboto bí orí píìnì. Ọ̀pá yẹn ló ń sọ ìdílé. Ẹ̀yìn èyí ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wo àwọ̀, kí ẹ tó mọ irú èyí tó jẹ́ nínú ìdílé náà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, baba àgbẹ̀ kan wá láti Alápòótí. Igi kajú mọ́kànlélógójì ló ní, ẹ̀ka tuntun wọn sì ń kú. Bó bá jẹ́ kòkòrò ló ń ṣe é, á fín oògùn. Bó bá jẹ́ àrùn, á gé àwọn tó ti mú, kó má ba à ran ìyókù. Agolo mílíìkì ló kó kòkòrò sí. Ó ti sá wọn sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta.

“Kí ló dé tí ẹ sá wọn, Baba?”

“Ṣé kí n jẹ́ kó jẹrà ni? Ilá ńkọ́? Ata ńkọ́? Ṣé a kì í sá wọn ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dà wọ́n sórí bébà funfun ni ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Wọ́n ti gan, ọ̀kadà sì ti mì wọ́n jìgìjìgì délé iṣẹ́. Kò sí ẹyọ kan tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kò kán.

Lẹ́yìn tí Baba lọ, ọ̀gá wa tuntun, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, bẹ awò wò.

“Mọ́mì, kò sí píìnì lẹ́yìn wọn. Kì í ṣe ìdílé yẹn, kì í ṣe àwọn ló ń pa ẹ̀ka.”

“Ó ti kán ni, Mà. Ẹ wo àárín ẹ̀yìn wọn. Àpá roboto wà níbẹ̀, etí rẹ̀ ga díẹ̀. Ojú ibi tí ọ̀pá ti kán nìyẹn.”

“Píìnì ni wọ́n kọ́ wa, wọn ò kọ́ wa ní àpá.” Ó rẹ́rìn-ín. “Àbí ẹ ti fẹ́ gba iṣẹ́ mi ni, Mọ́mì?”

Kò tún bẹ awò wò mọ́. Ó kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé àrùn ni, ó sì pe Baba lórí fóònù lójú mi pé kó gé igi.

Mo dákẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn, àní títí dòní. Nọ́ńbà Baba wà lórí fọ́ọ̀mù níwájú mi, mi ò pè é. Mo ní kò yẹ kí n kọjá ọ̀gá mi. Fún ọjọ́ mẹ́rin, mò ń ti ilé mi ní Joju lọ síbi iṣẹ́, mo sì ń pe ojo tó ń ṣe mí ní ìwà pẹ̀lẹ́.

Láàárọ̀ Sátidé, ara mi kò gbà á mọ́. Mo wọkọ̀ lọ sí Alápòótí. Kí n tó dé oko ni mo ti ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ agégi. Igi mẹ́rìndínlógún ti wó. Baba káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò wọ́n.

“Ẹ dúró!” Èmi tí wọn kì í gbóhùn mi, mo ké débi pé agégi pa ẹ̀rọ rẹ̀.

Agégi ní, “Ìyá, ṣé ejò lẹ rí ni?”

Mo tẹ́ ìborùn mi sábẹ́ igi kan tó ṣì dúró, mo gbọn ẹ̀ka rẹ̀. Òtútù àárọ̀ kò tíì jẹ́ kí wọ́n lè fò. Méje já bọ́. Mo gbé ọ̀kan sórí àtẹ́lẹwọ́, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ṣánṣán.

Baba tẹjú mọ́ ọn. “Ṣé kì í ṣe èyí ni mo kó wá fún yín?”

“Òun náà ni, sà. Kì í ṣe àrùn. Ẹ fín oògùn.”

Kò bú mi. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o ti mọ̀ látọjọ́ Ìṣẹ́gun?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Ajé, mo tẹ́ méjì sábẹ́ awò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan tó ní ọ̀pá àti ọ̀kan tó ní àpá. Ọ̀gá bẹ awò wò, ó pẹ́ kó tó gbórí sókè.

“Òótọ́ lẹ sọ o, Mọ́mì.” Ó fa fọ́ọ̀mù ya, ó kọ òmíràn, ó fọwọ́ sí i. “Ó ti tán. A ti tún un ṣe.”

Mo ní, “Mẹ́rìndínlógún ti wó, Mà.”

Ó gbójú sókè. “Mẹ́rìndínlógún kí ni?”