Epo Pupa Nínú Ọkọ̀ Olùkọ́ Fáwọlé

Ẹ̀bi tèmi ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí n yáa tètè jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ Olùkọ́ Fáwọlé, ẹ ó dárí jì mí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá nílé ìwé ní Ìwó. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ò tíì fẹ̀yìn tì. Ẹ pè wọ́n ní tíṣà, wọn ò ní dáhùn. Ọlọ́kadà tó bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n ní ṣéńjì yóò gbọ́ ìwàásù kó tó gba owó rẹ̀. Èmi Mùkáílà, mẹkáníìkì lọ́nà Ilé-Ogbó, "atọ́kọ̀ṣe" ni wọ́n ń pè mí. Búrékì, ìjánu ni. Hóònù, fèrè ni. Orí máa ń fọ́ mi bí mo bá ti rí wọn lókèèrè.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ọkọ̀ Kàmírì wọn wá, sítíárìn ń ké bí ewúrẹ́ tó ń rọbí. Wọ́n ní kí n bá wọn wò ó dáadáa, nítorí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìyàwó wọn, Màmá Adùnọlá, fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Òṣogbo. Ẹ̀rù ń ba Màmá. Wọ́n ti búra pé bí kì í bá ṣe ọkọ àwọn ló wakọ̀, àwọn ò ní lọ.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Olùkọ́, ọ́ìlì páwà sítíárìn yín ló ti lọ sílẹ̀."

"Èdè wo nìyẹn, Mùkáílà?"

"Ọ́ìlì ni, sà."

"Ṣé ìyá tó bí ọ kò ní èdè ni?"

Inú bí mi. Mọ́tò mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tí n ò tíì fọwọ́ kàn. Mo ní, "Epo ni, Olùkọ́. Epo pupa. Ẹ rọ ọ́ sínú ike kékeré yìí, kó dé ojú ìlà."

"Epo pupa?"

"Epo pupa! Kó ṣáà mọ́ o, kó má ní pàǹtí."

Ọ́ìlì náà pupa lóòótọ́. Gbogbo mẹkáníìkì ló mọ̀. Olùkọ́ dúpẹ́, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí lẹ́nu mi. Wọ́n wakọ̀ lọ sí Kuta, wọ́n ra epo tuntun lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é, wọ́n fi asẹ́ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì rọ ọ́ sínú ike sítíárìn dé ojú ìlà.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ Olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán bí ìgbà tí wọ́n ń din ata. Obìnrin kan tiẹ̀ na abọ́ sí wọn lójú títì, ó ní òun ń ra ti ẹgbẹ̀rún kan. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ń gbé Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, sítíárìn bá gan, kò yà sọ́tùn-ún mọ́. Òsì nìkan ló gbà. Wọ́n yà sósì, wọ́n tún yà sósì, títí wọ́n fi já sí abẹ́ àtíbàbà ìsọmọlórúkọ kan ní Ilé-Ogbó, nílé ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Àwọn onílé fún wọn ní àga, wọ́n ní kí bàbá gbàdúrà. Olùkọ́ gbàdúrà, wọ́n sì fún ọmọ náà lórúkọ kan.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi okùn wọ́ ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Iṣẹ́ abẹ Màmá ku ọ̀túnla. Mo tú u wò, òórùn ọbẹ̀ gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ráàkì, ìyẹn ọ̀pá eléyín tó ń ti táyà sọ́tùn-ún sósì, ti bàjẹ́. Epo ti jẹ gbogbo rọ́bà inú rẹ̀. Ojú tì mí, n ò lè wo Màmá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Mo pe Peter tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n Olùkọ́ gba fóònù náà. Wọn ò tún fẹ́ kí n bá wọn túmọ̀ nǹkan kan mọ́.

"Mo fẹ́ ra eyín ìdarí," ni wọ́n wí.

Peter ní, "Bàbá, a kì í ta eyín níbí."

"Ọ̀pá eléyín tí ń darí ẹsẹ̀ ọkọ̀."

"Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni, ẹ wá oníṣègùn eegun lọ. Mọ́tò tó ń bá wa kó ẹrù lọ sí Ìwó ti fẹ́ gbéra, ó di Ọjọ́bọ̀ kó tó tún lọ. Kí lẹ fẹ́ gan-an?"

Mo la ẹnu, Olùkọ́ na ọwọ́ sí mi pé kí n dákẹ́. Wọ́n wo Màmá. Màmá ń fi etí ìborùn nu ojú tó ń ṣomi. Òógùn bo iwájú orí Olùkọ́.

"Páwà sítíárìn ráàkì," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́, bí ẹni ń túfọ̀. "Kàmírì. Tú táósàn ẹ́ńdì sẹ́fìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi sínú mọ́tò yẹn."

Màmá bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wọn.

"Mùkáílà, ọdún méjìdínlógójì ni mo ti wà nílé ọkùnrin yìí," ni Màmá wí. "Òní ni mo tó mọ̀ pé ó fẹ́ràn mi ju èdè Yorùbá lọ."