Ohun Tó Wà Nínú Páálí Bàbá Mi

Kérésì tó kọjá, agogo méjì ọ̀sán kò tíì lù tí ọdún fi sú àwọn ọmọ mi méjèèjì. Ẹ̀bùn mẹ́rìnlá ni wọ́n tú. Bébà tí wọ́n fà ya kún pálọ̀ dé orúnkún, ọkọ̀ tó ń dá rìn ti dákẹ́ sábẹ́ àga, ẹ̀gbọ́n dùbúlẹ̀ ó ń wo àjà. Àbúrò rẹ̀ wò mí lójú, ó ní, "Màmá, ṣé ó ti tán nìyẹn?" Inú bí mi, kí n má purọ́. Ọ̀rọ̀ burúkú ti dé orí ahọ́n mi kí n tó rántí bàbá mi, mo sì gbé e mì.

Bàbá mi ló ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá alájà mẹ́ta kan fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ, wọ́n á gbé igi Kérésì kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì to páálí ẹ̀bùn yí i ká. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń dì í. Wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ igun bébà títí yóò fi mú, wọ́n á gbé páálí náà sókè, wọ́n á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bíi télọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Bí igun kan bá wú, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀. Nítorí èyí làwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣe sọ wọ́n ní Baba Onígunmẹ́rin. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe o, ṣùgbọ́n tí ọ̀gá pátápátá bá fẹ́ di ẹ̀bùn ìyàwó rẹ̀, ọ̀dọ̀ Baba Onígunmẹ́rin kan náà ló ń sáré wá.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mò ń sọ yìí, ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ṣe rí, Bíńtín sì ni gbogbo ilé ń pè mí. Lọ́jọ́ kan tí mò ń dúró de bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo yọ́ lọ sídìí igi náà, mo gbé páálí pupa kan wò. Ó wúwo. Mo gbé òmíràn, òun náà wúwo. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi rò ó: páálí tó wúwo, tí wọ́n fi bébà aláwọ̀ wúrà dì, kí ni ọmọdé máa rò pé ó wà nínú rẹ̀? Mo bi bàbá mi. Wọ́n ní ohun tó wà nínú rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Èmi sì gbọ́ ohun tó wù mí gbọ́.

Ní ilé ìwé, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn ju ohun tí oníkálùkù máa gbà lọ́dún. Ọmọ dókítà eyín, tí a jọ ń jókòó, ka tirẹ̀ títí ìka ọwọ́ rẹ̀ fi tán. Olórí gbogbo rẹ̀ ni bèbí kan tó ń rìn, tó sì ń sunkún. Ó wá kàn mí. Ìyá mi sì ti sọ fún mi pé ìbọ̀sẹ̀ lọdún yìí mọ, nítorí orúnkún bàbá mi ti gbé wọn dé ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo la ẹnu, mo ní tèmi ni gbogbo páálí abẹ́ igi ṣọ́ọ̀bù ńlá, pé ṣe ni bàbá mi ń bá mi tọ́jú wọn títí wọ́n á fi tú igi náà palẹ̀. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó ti fọ́. Ọmọ dókítà ní òun á wá wò ó lọ́jọ́ náà. Àwọn méjì mìíràn ní àwọn náà ń bọ̀.

Ọdún dé, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ mi, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi. Ọjọ́ tí wọ́n máa tú igi palẹ̀ ni mò ń kà.

Ó bọ́ sí Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún. Orin ti dákẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn èèyàn tò síwájú káńtà, wọ́n kó ohun tí wọ́n gbà lẹ́bùn dání láti dá a padà, gbogbo wọn fajú ro. Obìnrin kan ń bá ọkọ rẹ̀ jà ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nítorí ìkòkò. Ọmọ dókítà náà dé pẹ̀lú àwọn méjì tó kù, ó di bèbí rẹ̀ mú lẹ́sẹ̀ kan. Láti ọjọ́ kẹta Kérésì ni bèbí ọ̀hún kò ti rìn mọ́, kò sì sunkún mọ́.

Bàbá mi wà lórí àkàbà, wọ́n ń tú iná kúrò lára igi. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ọmọ dókítà ti kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ẹ káàárọ̀, sà. A wá bá Bíńtín kó àwọn páálí ẹ̀ ni. Ó ní òun ló ni gbogbo wọn."

Ilẹ̀ ìbá lanu kó gbé mi mì. Ìtìjú irọ́ nìkan kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Mo mọ̀ pé bí àṣírí bá tú, bàbá mi ni wọ́n máa lọ fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé ìwé, ọkùnrin tó ń to ẹrù ẹlẹ́rù, tí ọmọ rẹ̀ wá ń pè é ní ti ara rẹ̀.

Bàbá mi wò mí. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi orúnkún tó dáa ṣáájú, wọ́n nu ọwọ́ wọn mọ́ ṣòkòtò.

"Òótọ́ ló sọ," ni wọ́n wí. "Òun ló ni wọ́n."

Bàbá mi kì í purọ́, mo sì rò pé mo ti sọ wọ́n di òpùrọ́ lójú ara mi. Wọ́n ní kí a jókòó, wọ́n gbé páálí kọ̀ọ̀kan fún wa, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń tú bébà láì fà á ya. A ṣí i. Pákó kan péré ló wà nísàlẹ̀, tí wọ́n fi gúlù lẹ̀. Bàbá mi sọ fún àwọn ọmọ náà pé tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, atẹ́gùn á wọlé, páálí òfìfo kò sì lè jókòó jẹ́ẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń fi pákó sí i. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti dé ṣọ́ọ̀bù yẹn, kò sí nǹkan mìíràn nínú ìkankan rí. Mo tẹ orí mi ba.

Ọmọ dókítà kò yéé wo inú tirẹ̀. Ó ní, "Wọ́n kọ nǹkan sí i." Ó kà á sókè: "Ti Bíńtín."

A ṣí òmíràn. Ti Bíńtín. A ṣí gbogbo rẹ̀, mẹ́rìnlélógójì, pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́ sára pákó kọ̀ọ̀kan, ọdún tí wọ́n ṣe é sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù lọ, ọdún tí wọ́n bí mi ni.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ọmọ dókítà rọra béèrè bóyá pákó kan ṣẹ́ kù tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí. Bàbá mi yọ pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí wọn. Ọmọ náà há pákó tirẹ̀ mọ́ abíyá, ó ń lọ sílé, bàbá mi ló tiro sáré tẹ̀ lé e, torí ó gbàgbé bèbí rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí a ń rìn lọ sílé, mo bi wọ́n ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́.

"Odidi oṣù kan ni mo fi ń di òfo lọ́dọọdún, Bíńtín. Ọwọ́ mi ò gbà á. Mo ní láti fi nǹkan sí i." A rìn díẹ̀ sí i. "Irọ́ lo pa ṣá o."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Má pa irú ẹ̀ mọ́."

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí bàbá mi ti fi ayé sílẹ̀. Mo ti rí olówó, mo ti rí ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó ń fara balẹ̀ ṣe ohun tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní rí tó bàbá mi.

Nítorí náà, ní ọ̀sán Kérésì yẹn, mo lọ sí ilé ìdáná, mo mú ọ̀kan nínú àwọn pákó náà wá, èyí tí mo fi ń gé àlùbọ́sà. Mi ò gé nǹkan lójú ibi tí wọ́n kọ̀wé sí rí. Mo sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n dìde jókòó. Àbúrò fi ìka tọ ipa pẹ́ńsùlù náà, ó ní, "Tiwa ńkọ́?"

Mo wo ẹ̀bùn mẹ́rìnlá tó wà nílẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ló bá mi di gbogbo wọn. Mo dìde, mo lọ wá pẹ́ńsùlù.