Fi-Tèmi-sí-i

Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, àmọ́ Fi-Tèmi-sí-i ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ń pè é lẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń parí iṣẹ́ ìwádìí ní ẹ̀ka wọn, bàbá á yọjú sẹ́nu ọ̀nà, á rẹ́rìn-ín músẹ́: "O ò ní gbàgbé tèmi o." Àwọn àgbà ní ká ṣiṣẹ́ bí ẹrú ká tó jẹ bí ọba, bàbá wa ò gbọ́ apá àkọ́kọ́ yẹn rárá. Iṣẹ́ tó ní orúkọ rẹ̀ lórí pọ̀ ju èyí tí ojú rẹ̀ ti rí lọ.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù kó fi di purofẹ́sọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ò tiẹ̀ dúró dè é. Ó ti ń pe ọkọ rẹ̀ ní Purofẹ́sọ̀ lójú àwọn àna, ó sì ti ní kí wọ́n gbẹ́ pátákó orúkọ tí wọ́n máa kàn mọ́ ilẹ̀kùn, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ lábẹ́ rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Ó ń ti kànga kan bọ́ sí òmíràn nítòsí ilé iṣẹ́ ọṣẹ, ó ń fa omi, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, títí okùn fi bó o lọ́wọ́. Bàbá ní kó fi orúkọ tòun síwájú. Kò bi í léèrè ohun tó dá lé lórí, kò sì ráyè kà á. Kó ṣáà fi í ránṣẹ́.

Àwọn tó ń tẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde ní òfin kan: akọ̀wé wọn á kọ́kọ́ yọ orúkọ gbogbo kúrò, olóòtú á wá fi í ránṣẹ́ sí ọ̀mọ̀wé kan, kó yẹ̀ ẹ́ wò láìmọ ẹni tó ni ín. Ta ló sì mọ̀ nípa omi kànga tó Fi-Tèmi-sí-i? Òun ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí.

Ó kà á, inú bí i. Iṣẹ́ náà sọ pé omi àwọn kànga tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ̀wé láyé ọjọ́un pé ó mọ́, kò mọ́. Irú ìwọ̀sí wo nìyí? Ó kọ ọ́ sí olóòtú pé: "Ẹ dà á nù. Ẹni tó bá fi orúkọ sí irú pàǹtírí báyìí, kó lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́." Ó lọ sùn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ọmọbìnrin náà wọlé tọ̀ ọ́ wá, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ka èsì tí olóòtú fi ránṣẹ́ fún un.

Kó tó kà á dé ìdajì, bàbá ti dá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ mọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí olóòtú, sà. Kí wọ́n wádìí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní nǹkan nínú sí wa."

"Rárá o!" Wọ́n bá wádìí, gbogbo ayé á mọ̀ pé iṣẹ́ tó lóun kọ, kò kà á rí àfìgbà tó ń bú u. "Ṣe ni kó o yọ orúkọ mi kúrò. Fi í ránṣẹ́ síbòmíràn."

Ọmọbìnrin náà wò ó títí. Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu bàbá rí. "Ẹ ṣé, sà," ló wí, ó sì ti jáde kó tó di pé bàbá yí ọkàn padà.

Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé wọ́n da iṣẹ́ náà nù, ó sì sọ ohun tí wọ́n kọ. Ìyàwó káwọ́ lérí, ó kúnlẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí pátákó wà.

"Ẹni ibi tó kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí ọkọ mi, kò ní rójú, kò ní ráyè. Ohun tó ń lé kò ní bá a láéláé. Ẹ ṣàmín, Purofẹ́sọ̀!"

Bàbá wolẹ̀. "Àmín."

"Mi ò gbọ́ yín o! Ẹ ṣe é sókè!"

Ó sì ṣe é sókè.