Káàdì Wà, Abẹ́rẹ́ Kò Sí

Òórùn ẹja ni mo fi mọ̀ pé ara mi kò dá. Èmi tí wọ́n bí sídìí ààrò ẹja ní Àjídò létí ọ̀sà, mo ṣí àtẹ ṣáwá láàárọ̀ ọjọ́ kan, òórùn rẹ̀ sì lé mi sẹ́yìn. Mo bì. Kí n tó nu ẹnu tán, ẹ̀yìn ti ń ro mí bí ẹni pé wọ́n fi ọmọ odó gún un.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ibà fi jó mi. Orí ń fọ́ mi, n kò sì lè wo ìmọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó lọ. Mo wẹ̀, mo jẹ àkàsà, mo tún ń fi Mautin, àbúrò mi obìnrin, ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti ń wo aṣọ mi bí ẹni tó fẹ́ jogún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ibà pọ́njú máa ń fún èèyàn nísinmi díẹ̀, lára àwọn mìíràn á sì tún padà wá pẹ̀lú ìkà. Bí ẹyinjú bá pọ́n, tí ìtọ̀ sì dín kù, ẹ má ṣe dúró dọ̀la. Tèmi padà lọ́jọ́ kẹfà. Ojú mi pọ́n bí èso ìyeyè, ohun tí mo ń bì sì dúdú bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò ìdáná.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí mo ti ṣe ṣáájú. Ìgbà Sáàpù ni, ètò ìjọba tó sọ owó wa di yẹpẹrẹ, àwọn ológun wà lórí oyè, ìlú sì le koko. Èmi àti Mautin ń gbé ẹja yíyan kọjá sí Àjàṣẹ́, lódìkejì ẹnubodè. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ẹnubodè gbọ́dọ̀ ní káàdì yẹ́lò, ìwé tó jẹ́rìí pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ọwọ́ ọkùnrin kan létí títì ni àwa oníṣòwò ti ń rà á, pẹ̀lú òǹtẹ̀ lórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kankan kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. A kì í tilẹ̀ kà á sí irọ́. Ohun ìrìnnà ni lójú wa, bíi bàtà.

Nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa èèyàn ní àwọn abúlé ẹ̀bá ọ̀sà, nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Èkìtì, gbé abẹ́rẹ́ wá sí èbúté wa nínú àpótí yìnyín. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní yóò dí ilé ọmọ obìnrin. Àwọn kan bẹ̀rù pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni wọn yóò fi gún gbogbo abúlé, ẹ̀rù yẹn kì í sì í ṣe ti òmùgọ̀ láyé ìgbà náà. Ohùn tèmi ló ròkè jù. Mo ní ìjọba tí kò lè fún wa ní oògùn orí fífọ́, ṣé òun ló wá ń pín abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín, inú mi sì dùn.

Mautin ti tò sórí ìlà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ kò pọ̀, kí ẹni tó bá ti ní káàdì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní. Mo mú káàdì àwa méjèèjì jáde. Àbúrò mi wò mí, mo sì fi ojú bá a wí, torí bí àṣírí bá tú, wọn yóò gba káàdì lọ́wọ́ wa, a ò sì ní lè kọjá mọ́. Ó kúrò lórí ìlà.

Nígbà tí ibà padà tí wọ́n gbé mi lọ sílé ìwòsàn, èmi, ọkọ mi àti Mautin jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí oòrùn fi kanrí. Ọkọ mi ló wá omi tí wọn yóò fà sí mi lára kiri, torí ilé ìwòsàn kò ní. Dókítà ṣàlàyé pé kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló fà á, ẹ̀fọn ló sì ń gbé e láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, ìyẹn ló ń mú kí ojú pọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú ikùn ló ń di dúdú. Kò sí oògùn tó ń pa á. Kí wọ́n máa fún ara lómi ni, kí ara fúnra rẹ̀ máa jà. Ọkọ mi fi káàdì hàn án, ó sì yà á lẹ́nu.

"Ẹ ti gba abẹ́rẹ́, kí ló dé tí ẹ tún ní in?"

"Ìwé nìkan la gbà, dókítà," ni mo dá a lóhùn.

Mautin ló ń fọ èébì mi. Kí n tó lè jókòó, ẹ̀fọn ti kó o ran òun náà, wọ́n sì ti tẹ́ ẹ sí bẹ́ẹ̀dì kejì sí tèmi. Kò rí ìsinmi kankan nínú ibà tirẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún ló kú, n kò sì lágbára láti dìde lọ pa ojú rẹ̀ dé.

Mo padà sílé bá ọ̀rọ̀ tó burú jù. Nítorí káàdì tí wọ́n rí lọ́wọ́ wa, gbogbo èbúté ń sọ pé àwa ọmọ ìyá kan náà gba abẹ́rẹ́, ẹ wo bó ṣe pa ọ̀kan. Àwọn obìnrin ń gbé ọmọ wọn pamọ́ bí wọ́n bá ti rí nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ tó tún wá, mo rọra wọ́ ẹsẹ̀ débẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn pé ìwé la rà, a kò gba abẹ́rẹ́ rí. Mo mọ̀ pé òwò mi parí lọ́jọ́ náà. Ẹni tí mo ń bẹ̀rù jù ni ìyá mi, tó dúró láàárín wọn. Ó bi mí ní èdè Ẹ̀gùn wa, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè:

"Ṣé Mautin fẹ́ gbà á?"

"Ó fẹ́ gbà á, ìyá. Èmi ni mo mú un kúrò."

Ó bọ́ sí iwájú nọ́ọ̀sì, ó ká aṣọ kúrò ní apá rẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Oṣù méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀, síbẹ̀ kò sí àárọ̀ tí kò gbé ẹ̀kọ gbígbóná síwájú mi títí ara mi fi le.

Dókítà ní ara mi ti mọ ibà náà, kò ní lè mú mi mọ́ láyé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yìí tó jà fún mi nígbà tí n kò mọ̀ bóyá mo wà. Bí mo bá ń wẹ̀, mo máa ń fọwọ́ kan ìhà ọ̀tún níbi tí ẹ̀dọ̀ wà, ẹkún á sì bá mi níbẹ̀. Ààbò tí mo fojú kan ikú kí n tó rí gbà yìí, ìrora abẹ́rẹ́ lásán ni ì bá ná àbúrò mi.